Ìyá Tó Ná Owó Ẹ̀kọ́ Dùùrù

Ilé ìwòsàn ńlá kan ni obìnrin yìí ti ń fọṣọ. Abẹ́ ilé ni wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ sí, ibẹ̀ ló sì ti lo ìgbà èwe rẹ̀ tán. Aṣọ ibùsùn tí ẹ̀jẹ̀ rin, aṣọ tí aláìsàn bì sí, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Ọṣẹ ti jẹ ìka rẹ̀ débi pé bó bá di ife tíì mú, ètè ló fi ń mọ̀ pé ó gbóná. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún un, nítorí ọmọ yìí ló sì ṣe ń jí lówùúrọ̀.

Dùùrù ni ọmọ náà fẹ́ràn. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kanlẹ̀ lórí àga. Olùkọ́ àgbà kan tó ń kọ́ni ní orin gbọ́ ọ, ó ní òun á máa kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó parí girama, ilé-ẹ̀kọ́ orin méjì ló gbà á. Èyí tó kéré ní kò ní san ohunkóhun. Èyí tó lórúkọ, tí àwọn atẹdùùrù gidi ti ń jáde wá, ní àwọn á san ìlàjì, kí ìyá rẹ̀ wá ìlàjì kejì.

Ọmọ ń fò sókè. Ìyá ń rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ nínú ara rẹ̀ ni pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Olùkọ́ àgbà ló là á lọ́yẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ má jẹ́ kí ilé gogoro wọn dẹ́rù bà yín. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè kọ́ ni wọ́n ń gbà. Ẹ lọ ná an."

"Kí n lọ ná ọmọ mi bí ẹja?"

"Ẹja tó dára, oníbàárà méjì ló ń dù ú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá ṣe gba ọ́fíìsì akápò ilé-ẹ̀kọ́ tó lórúkọ náà lọ. Akápò jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń nu awò ojú rẹ̀ kó tó fèsì.

"Màmá, ibi tí agbára wa mọ nìyẹn," ló wí. "Inú àpò kan náà ni gbogbo àwọn ọmọ ti ń jẹ."

Ìyá tẹ́ lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ kejì síwájú rẹ̀. "Ọ̀gá, àwọn wọ̀nyí ní àwọn á gbé gbogbo rẹ̀. Ọ̀dọ̀ yín ló wu ọmọ mi, ṣùgbọ́n ìfẹ́ kì í san owó ilé-ìwé. Bẹ́ ò bá lè ṣe é, lọ́la là ń lọ bá wọn."

Kò mọ ibi tó ti rí ẹnu sọ ọ́. Akápò nu awò ojú rẹ̀, ó tún un nù.

"Ṣé ọmọ tí iná lọ mọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìdánwò ni, tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ nínú òkùnkùn?"

"Òun ni."

"Ẹ lọ sílé. Ẹ jẹ́ n bá àwọn ọ̀gá mi sọ̀rọ̀."

Kò pẹ́ tí ìdáhùn fi dé: wọ́n gbà. Àwọn á san gbogbo owó ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n owó yàrá, oúnjẹ, ìwé orin àti aṣọ dúdú tí wọ́n fi ń ṣeré níwájú èèyàn, ti ìyá ni. Ó bá wá iṣẹ́ aṣọ lílọ̀ kún tilé ìwòsàn, kò sì sinmi lópin ọ̀sẹ̀ mọ́.

Kí owó yàrá lè dínkù, ọmọ náà bá ọmọbìnrin kan tó ń fọn fèrè pín yàrá. Ọmọ bíríkìlà ni, aláwàdà sì ni. Wọ́n jọ ń se ìkòkò oúnjẹ ńlá kan tí wọ́n á jẹ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Ìwé orin tí ọ̀kan bá rí yá, èkejì á fọwọ́ dà á kọ. Bàtà dúdú kan ni wọ́n jọ ń wọ̀. Afọnfèrè á ki bébà sí iwájú rẹ̀ kó tó bá a lẹ́sẹ̀ mu. Ó máa ń sọ pé, "Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe àwa méjèèjì papọ̀, kí ìwọ wọ ọ̀tún, kí èmi wọ òsì." Ìyá máa ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn méjèèjì. "Màmá wa" ni afọnfèrè ń pè é.

Ní ọdún kejì, wọ́n gé owó ìrànwọ́ afọnfèrè. Kò rí tirẹ̀ san, wọ́n ní kó máa lọ ilé.

Ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ wá kó ẹrù, ìyá wà nínú yàrá, aṣọ ibùsùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ wà lápá rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀, ó bá bíríkìlà náà di okùn mọ́ àpótí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá," ló wí.

"Ẹ ṣeun, ìyá wa. Akápò fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Ó ní ìyá kan wá lọ́dún tó kọjá, ó ní òun á mú ọmọ òun lọ ibòmíràn bí wọn ò bá fi kún owó rẹ̀. Wọ́n fi kún un. Láti ìgbà yẹn ni àpò ti lu, ọmọ tèmi ló sì gba ojú ihò náà bọ́." Ó fi ẹsẹ̀ tẹ àpótí, ó fa okùn le. "Mi ò bínú sí ìyá náà o. Èmi ni mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń ná an. Iye tí wọ́n pè ni mo ń san."

Ìyá di etí okùn mú títí bàbá fi ta kókó. Afọnfèrè dì mọ́ ọn, ó ní, "Màmá wa, ẹ ṣé gan-an ni," wọ́n sì gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá padà lọ bá akápò. Ó ní kí wọ́n gba ìlàjì padà lọ́wọ́ òun, kí wọ́n fi pe ọmọ yẹn wá. Akápò ò tilẹ̀ nu awò ojú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

"Màmá, ẹlòmíràn ti gba àyè rẹ̀. Bí ẹ bá dá owó padà, ọmọ tiyín lẹ máa pa lára, kò sì ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ń wí."

Ìyá lè pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Kò pa á mọ́ra. Ó jókòó sórí ibùsùn afọnfèrè tí kò sí aṣọ lórí rẹ̀ mọ́, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Ọmọ náà dìde dúró. "Màmá, ta ló ní kí ẹ lọ?"

"Ìwọ lo ní ibí lo fẹ́."

"Mo ní mo fẹ́ ẹ. Mi ò ní kí ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹnìkan fún mi!"

"Mi ò mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀."

"Akápò sọ fún yín. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán báyìí, ó ní inú àpò kan náà ni gbogbo wa ti ń jẹ. Kí lẹ rò pé ó túmọ̀ sí?"

Ọmọ ní òun á fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ìyá bẹ̀ ẹ́ pé bó bá kúrò, àwọn méjì ló pàdánù dípò ẹnìkan. Ọmọ dúró, ó ń kàwé bí ẹni ń ṣẹ̀wọ̀n. Nígbà ìsinmi kì í wálé. Nínú owó aṣọ lílọ̀ rẹ̀, ìyá fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí bíríkìlà. Ó dá a padà. Ó ní ọmọ òun ti ríṣẹ́ sí ilé tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì, pé wọ́n ti ta fèrè náà, kí ìyá jọ̀ọ́ má ṣe wàhálà.

Ọmọ ìyá jáde ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó yege. Ó ń tẹ dùùrù káàkiri ìlú ńlá, ó ń fowó ránṣẹ́ lóṣooṣù láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Ìgbà tí àyà ń dun ìyá rẹ̀ tó fi dùbúlẹ̀ ló tó wálé. Ó se oúnjẹ, ó gbé e fún un lórí ibùsùn.

"Inú ṣì ń bí mi sí yín, Màmá," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Mo lọ wá ọ̀rẹ́ mi tí a jọ gbé yàrá. Kò jáde sí mi."

Ìyá gbé ṣíbí kalẹ̀. Ọmọ mú un, ó ń fi bu oúnjẹ sí i lẹ́nu títí ó fi tán. Ó fọ abọ́, ó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti ká ẹní, ó ti lọ.