Ọwọ́ Tí Wọ́n Ní Ó Kan Ọ̀pá Mi

Òórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdá gé ṣì máa ń bí mi nínú títí di òní. Ẹni tó bá gbọ́ yóò béèrè pé kí ni koríko ṣe fún mi. Koríko ò ṣe mí ní nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe é, èmi àti àwọn tó gbà mí gbọ́.

Mo rántí ọdún tí mo ti Gánà padà sí Adó-Èkìtì. Ọdún méjì ni mo fi gbá họ́kì lọ́hùn-ún, lórí pápá oníkápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa ń bomi rin kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tí bọ́ọ̀lù á sì máa yọ̀ lọ geere bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á lára. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa nílé ní kí n wá bá àwọn gbá líìgì, kóòṣì sọ fún gbogbo èèyàn pé àwọn ti rí ẹni tí yóò máa gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Mo gbà á gbọ́. Gánà lásán ni mo lọ o, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wọ dígí dúdú rìn kiri àdúgbò Adébáyọ̀, ẹ ó rò pé ààfin ọba òyìnbó ni mo ti ń bọ̀.

Ọjọ́ tí mo dé ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wá kí mi. Àgbẹ̀ ni wọ́n, Ìyìn-Èkìtì ni wọ́n ń gbé, nítorí náà Màmá Ìyìn ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n gbé iṣu wá. Wọ́n gba ọ̀pá họ́kì mi, wọ́n yí i síwá yí i sẹ́yìn, wọ́n ní ọkọ́ wo lèyí tí ò lẹ́nu, gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí wọ́n sì wúre sí i.

Nínú ẹgbẹ́ wa, a ní àṣà kan. Àwọn tó yẹ kó máa tọ́jú pápá ti pa á tì, nítorí náà gbogbo ọjọ́ Ẹtì la máa ń gbé àdá lọ síbẹ̀, oníkálùkù á sì gé koríko ibi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ òsì níwájú ni tèmi. Mo ní èmi kọ́. Mo ní ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù lórí kápẹ́ẹ̀tì kì í tún gbé àdá mọ́. Aṣọ́lé wa bá mi gé e lóréfèé.

Líìgì bẹ̀rẹ̀, ojú sì tì mí. Bọ́ọ̀lù á máa bọ̀ wá dáadáa, tó bá kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ mi, á kọlu kùkùté koríko, á fò kọjá lórí ọ̀pá mi. Eré márùn-ún, n ò gbá ẹyọ kan wọlé. Àwọn òǹwòran ń pariwo pé, "Ará Gánà, ọ̀nà tó o gbà wá ṣì wà ńbẹ̀ o!" Kóòṣì sọ fún mi pé tí eré kẹfà bá tún rí bẹ́ẹ̀, kí n lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ìyá mi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wòlíì ní ọwọ́ àgbà obìnrin kan ti kan ohun tí mo fi ń jẹun. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìyá mi ló bá a dárúkọ kó tó panu dé. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ìyá mi pe Màmá Ìyìn lórí fóònù pé kí wọ́n má ṣe tẹ ẹnu ọ̀nà wa mọ́. Wọn ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, òṣìkà ni. Èmi ńkọ́? Mo jókòó ti ìyá mi, iṣu tí Màmá Ìyìn gbé wá ni mo ń jẹ. Mo sì mọ̀! Láti eré kejì ni mo ti mọ̀ pé n ò mọ ilẹ̀ pápá náà mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ti ẹlòmíràn ló bá mi dákẹ́ ní tèmi.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, Màmá Ìyìn, tí wọ́n ti gbọ́ pé mo kọ̀ láti gé koríko, gun ọ̀kadà wá sí pápá, tàwọn ti àdá wọn. Kí n tó kí wọn tán ni wọ́n ti bi mí pé:

"Èwo ni ulẹ̀ tìrẹ níbẹ̀?"

Mo nàka sí i.

"Wọ́n ní mo dì ọ́ lẹ́sẹ̀. Ta ló wá dì ọ́ lọ́wọ́, tí o ò lè gbé àdá? Bọ́ bàtà ẹ. Ulẹ̀ tí èèyàn ò bá fẹsẹ̀ rìn, kò lè mọ̀ ọ́n."

A gé e pọ̀. Mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ mọ kùkùté, mo mọ kòtò, mo mọ ibi tí omi máa ń dúró sí. Nígbà tí a parí, wọ́n nu àdá wọn, wọ́n lọ. N ò lè bẹ̀ wọ́n, ojú ń tì mí.

Nínú eré kẹfà, mo mọ ibi tí bọ́ọ̀lù yóò ti fò kó tó fò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbá a wọlé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló ń bí mi nínú jù: ìyá mi ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wòlíì ní ìdè ti já, gbogbo ìjọ pariwo halelúyà. Góòlù tí Màmá Ìyìn bá mi wá ló di ẹ̀rí tí wọ́n fi dá wọn lẹ́bi. Mo rọra sọ fún ìyá mi pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ ba ẹ̀rí jẹ́ ni. Mo tún dákẹ́, mo jẹ ìrẹsì ìdúpẹ́.

Ó pẹ́ kí n tó sọ ọ́ síta bó ṣe yẹ, lójú gbogbo ẹbí. Ìyá mi bẹ Màmá Ìyìn, wọ́n sì gbà, nítorí èèyàn dáadáa ni wọ́n. Wọ́n tún ti ń wá sílé wa, wọ́n ṣì ń gbé iṣu wá. Lọ́jọ́ tí mo ra ọ̀pá tuntun, mo nà án sí wọn pé kí wọ́n bá mi wúre sí i. Wọ́n wúre, ó gùn, ó sì dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni wọ́n kó ọwọ́ wọn méjèèjì sí títí a fi ṣe àmín.