Ìbéèrè Tó Kẹ́yìn

Èmi ni mo sọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìyá Arúgbó. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, àmọ́ láràárọ̀ ni yóò máa fọwọ́ ti ògiri láti yàrá dé ilé ìwẹ̀. Èmi a sì kí i pé, "Ìyá Arúgbó, ẹ káàárọ̀ o, ṣé ká bá yín wá ọ̀pá?" A ó rẹ́rìn-ín, òun náà yóò rẹ́rìn-ín. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé báàgì, nítorí náà n kò fura. Ọjọ́ tí dókítà sọ pé oríkèé ara rẹ̀ ló ń wú, pé àìsàn náà kò ní í pa á, kò sì ní í lọ, ojú tì mí débi pé n kò lè wo ọmọ náà.

Orí rẹ̀ pé ju tèmi àti ti ìyá rẹ̀ lọ, ká tilẹ̀ pa tiwa pọ̀. Ọdún mẹ́rin ló ti ń gba ipò kìíní. Ṣùgbọ́n ìdánwò àṣejáde ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, wákàtí mẹ́ta gbáko ni ìwé kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í sì í ṣiṣẹ́ ju wákàtí méjì lọ kó tó le gbagidi. Bí kò bá yege dáadáa, kò ní í rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wọ yunifásítì, kò sì sẹ́ni tó lè sanwó ilé-ìwé fún un nínú wa. Dókítà wá kọ lẹ́tà pé kí ilé-ìwé fi ààbọ̀ wákàtí kún àkókò rẹ̀.

Ọmọ náà kò fẹ́. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun yóò pè é ní ojúsàájú. Ó tún ní bí wọn kò bá sì gbà, òun kò mọ bí òun yóò ṣe parí ìwé. Iwájú kò ṣe é lọ, ẹ̀yìn kò ṣe é padà sí.

Ìyá rẹ̀ ní dandan ni kó mú lẹ́tà náà lọ sílé-ìwé, àmọ́ kò rí àyè gbà níbi iṣẹ́, ni mo bá tẹ̀ lé ọmọ náà lọ. Aránṣọ ni mí. Nínú iṣẹ́ wa, bí oníbàárà tuntun bá wọlé, aṣọ tó gún régé jù lọ la ń fi hàn án. Ohun tí mo ṣe náà nìyẹn. Mo kó èsì ìdánwò ọdún mẹ́rin jọ, mo tò wọ́n síwájú igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé tìyangàn-tìyangàn.

Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ka lẹ́tà dókítà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ẹni tó ń gba ipò kìíní láìsí ìrànlọ́wọ́, mà, kí la tún fẹ́ ràn án lọ́wọ́ sí? Kí ni kí n sọ fún ìyá ẹni tó gba ipò kejì?"

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ba ọ̀rọ̀ ọmọ jẹ́. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi ọwọ́ òsì rọra tẹ àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ọkùnrin náà sì ń bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìyá ọmọ nílé bà mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bẹ ọkùnrin náà pé kó jẹ́ ká rí ìwé tí ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nínú ìdánwò tó kọjá. Ó fajú ro, àmọ́ ó ní kí wọ́n kó mẹ́ta wá.

Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò yé mi, ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ tó ti rẹ̀. Bí aránṣọ bá jókòó pẹ́ jù, ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ a máa tú u fó. Ní ewé kìíní, lẹ́tà ọmọ yìí wẹ́, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tó fi di ewé kẹfà, wọ́n ti ń tóbi, wọ́n ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ewé tó kẹ́yìn, nọ́ńbà ìbéèrè nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ṣí ìkejì, bákan náà ni. Ìkẹta kò yàtọ̀.

"Ọ̀gá," mo ní, "ipò kìíní tí ẹ ń wí yìí, kò fi ìbéèrè tó kẹ́yìn gbà á rí."

Ó bi ọmọ náà bóyá kò mọ ìdáhùn rẹ̀ ni. Ọmọ tẹrí ba, ó sì ka ìdáhùn náà látòkè délẹ̀ láìkọsẹ̀. Ọkùnrin náà kọ nǹkan sínú ìwé, ó ní ká máa lọ, pé ìgbìmọ̀ ìdánwò yóò fèsì.

Ọjọ́ méje, kò sí èsì. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mò ń tẹ́tí sí ọwọ́ rẹ̀ lára ògiri, ó sì ń jọ mí lójú pé ó ń pẹ́ sí i kó tó dé ilé ìwẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la ni wọ́n tó ránṣẹ́ pé àwọn gbà.

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo dúró lẹ́nu géètì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde pẹ̀lú ariwo, wọ́n lọ. Ààbọ̀ wákàtí pé, n kò rí i. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá lórí rẹ̀. Mo ti ń rò ó pé ó ti ṣubú síbì kan, pé àwọn olùkọ́ ni kò mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ sọ fún mi. Ìgbà náà ni mo rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń fọwọ́ ti ògiri bọ̀ díẹ̀díẹ̀. N kò pè é ní Ìyá Arúgbó.

"Àǹtí, mo dáhùn gbogbo ẹ̀," ó ní. Ó wá na báàgì rẹ̀ sí mi. "Ẹ bá mi gbé e."