Ọbẹ̀ Ewé Ẹ̀gẹ́

Òórùn ewé ẹ̀gẹ́ tí mò ń já fún ewúrẹ́ rán mi létí ọ̀sán kan nígbà èwe mi ní ìlú Òrù, níbi tí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé wà. Ìyá ọ̀rẹ́ mi, tí ogun lé wá láti Làìbéríà, gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ wá fún wa, epo ń dán lórí rẹ̀.

Ìyá àgbà mi ṣí abọ́ náà.

"Ewé ẹ̀gẹ́ kẹ̀? Ṣé ewúrẹ́ ni wá ni? Májèlé ni!"

"Màmá, mo gún un, mo sè é pẹ́." Ó bu ṣíbí kan jẹ, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi ò ní jẹ ẹ́."

Ìyá ọ̀rẹ́ mi gbé abọ́ rẹ̀ padà. Mo gbé itọ́ mì.

Lọ́jọ́ kejì, yàrá wọn ti ṣófo, wọ́n ti kó lọ. Àṣé oúnjẹ ìdágbére ni.

Títí Ìyá àgbà fi kú, tó bá rí ewé ẹ̀gẹ́, á bi mí pé, "Ó ní òun gún un, àbí?"