Wọ́n Ní Mò Ń Bọ́ Wọn Lójú Àlá

Kò sẹ́ni tó gbà láti ṣe àjẹ́. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ eléré ìjọ wa fẹ́ ṣe eré kan nípa abúlé kan tí ọ̀dá dá, tí àwọn ọmọdé ń ṣàìsàn níbẹ̀, tí àwọn ará abúlé wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó wà nídìí ẹ̀, títí wọ́n fi mú obìnrin kan tó ń dá gbé. Gbogbo ipa yòókù ti ní ẹni tó gbà á. Àwọn méjì tiẹ̀ ń bá ara wọn jà lórí ipa baálẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo obìnrin tí wọ́n fi ipa àjẹ́ lọ̀ ló tàka, tó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, tí mo mọ̀ dájú pé ojoojúmọ́ ló ń purọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ pé mẹ́tírò ló dá òun dúró, ní ẹ̀rí ọkàn òun ò lè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé e fún mi. Mo fẹ́ràn eré ṣíṣe láti ilé ìwé, agídí sì wà lára mi. Àwọn méjèèjì ló jọ tì mí síbẹ̀.

Inú ọgbà àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ní Oud Metha, ní Dubai níbí, ni a ti ń jọ́sìn, nínú gbọ̀ngàn tí àwa àti àwọn ìjọ mìíràn jọ ń lò. Tí àkókò tiwa bá ti pé, ó pé nìyẹn. Àwọn ará Íńdíà tó ń lò ó lẹ́yìn wa á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú Bíbélì àti aṣọ funfun wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí wa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan á ti wà nínú ilé. Lọ́jọ́ tí a ṣe eré náà, Pásítọ̀ wàásù kọjá àkókò bó ṣe máa ń ṣe, a ò sì tètè bọ́ sórí pèpéle.

Ìran kan wà níbẹ̀ tí ọmọbìnrin kan ti ń sùn lórí ẹní, tí èmi á wọlé sínú àlá rẹ̀ pẹ̀lú abaya dúdú, aṣọ gígùn àwọn obìnrin Lárúbáwá, màá gbé àwo oúnjẹ dání, màá sì bọ́ ọ. Ó jẹun, ó ta jí, ó pariwo orúkọ mi. Wọ́n mú mi, wọ́n so mí lọ́wọ́. Ìran kan ló kù lẹ́yìn ìyẹn. Ìran yẹn ni wọ́n ti máa rí i pé ebi ni ọmọ náà fi sùn, pé ebi ló lá, pé obìnrin náà ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èmi ni mo ni ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù níbẹ̀, mo sì ti há a sórí dáadáa. Àfi bí ọkùnrin tó ń mójú tó gbọ̀ngàn ṣe kan ilẹ̀kùn, tó ní, "Yalla, yalla, time finish." Àwọn ará Íńdíà ti ń gbé dùùrù wọn wọlé. Báyìí ni eré náà ṣe parí sórí èmi tí wọ́n so lọ́wọ́, gbogbo ìjọ sì pàtẹ́wọ́.

Wọ́n ní a máa ṣe èyí tó kù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bọ́ sí ìdúpẹ́, kò sì sẹ́ni tó tún rántí mọ́. Obìnrin kan ò gba ọwọ́ tí mo nà sí i lẹ́nu géètì, inú mi sì dùn, mo ní eré mi ti wọ̀ ọ́ lára. Mo fi fídíò ìran àlá yẹn ránṣẹ́ sí màmá mi ní Abẹ́òkúta, ọ̀dọ̀ ẹni tí ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo wà. Ọmọ ọdún méje ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lórí àga. Láti ọjọ́ yẹn, tá a bá ti ń pe ara wa lórí fóònù, á ní kí n ṣe é. Màá gbé àwo mi, àwo oníke búlúù kan náà tí mo lò nínú eré, màá bu oúnjẹ pẹ̀lú ṣíbí, màá na ṣíbí náà sí ojú fóònù. Òun náà á la ẹnu gbàgà ní Abẹ́òkúta, á jẹ ẹ́ mì. Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi ní gbogbo Dubai tó ìyẹn.

Al Khan ní Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai, ni mò ń gbé nígbà náà, ní bedspace, ìyẹn ni pé bẹ́ẹ̀dì kan ni mo ní nínú yàrá tí àwa obìnrin mẹ́rin jọ ń gbé. Orúkọ obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní ẹ̀gbọ́n ló wà lórí ìwé ilé náà. Ojúlé kan náà lòun àti màmá mi jọ gbé rí, òun ló pè mí wá sí Dubai, òun ló bá mi wá iṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí ní Al Quoz níbi tí a ti ń di ọjà àwọn tó ń ra ọjà ránṣẹ́ sí Èkó. Ọmọbìnrin kan tí a ń pè ní àbúrò ń sùn ní bẹ́ẹ̀dì òkè orí mi. Sàlúùnù ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Deira, òun náà ló ṣe ọmọbìnrin tó ń sùn nínú eré. Èmi ni mo máa ń tètè dé, nítorí náà èmi ni mò ń se oúnjẹ gbogbo wa. Nínú àwo búlúù yẹn kan náà la ti ń jẹun.

Àsìkò tí ọ̀rọ̀ visa le mọ́ àwa ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹni tó lọ sílé ò rí ọ̀nà padà wá, ẹni tó wà níbí ò mọ̀ bóyá wọ́n á tún tirẹ̀ ṣe. Gbogbo wa ń bẹ̀rù, kò sì sẹ́ni tá a lè bi pé kí ló dé. Sàlúùnù àbúrò sọ fún un pé àwọn ò ní tún visa rẹ̀ ṣe. Ó sunkún sùn. Lọ́jọ́ kejì ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ní òun lálàá, òun rí mi pẹ̀lú aṣọ dúdú, mo gbé àwo búlúù wá, mo fún òun ní ìrẹsì, òun sì jẹ ẹ́.

Mo ní, "Ṣebí ohun tá a jọ ṣe nínú eré náà lo lá."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo Yorùbá ló mọ ohun tí wọ́n ń pe jíjẹun lójú àlá. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo ti ń bọ́ ìdajì ìjọ. Arákùnrin kan tó ń gbé ní Ajman, tí mi ò kí rí, ní mo fún òun ní mọ́ínmọ́ín. Ìyẹn bí mi nínú gidigidi, torí mi ò mọ mọ́ínmọ́ín sè. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀. Wọ́n bi í bóyá ó rí mi, ó ronú títí, ó ní bóyá òun rí mi. Ti ẹni yẹn ò pa mí lẹ́rìn-ín. Mo sunkún nítorí rẹ̀, mi ò sì lè lọ kí i.

Nínú yàrá wa, wọn ò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Màá dé láti Al Quoz, màá se ọbẹ̀, ìkòkò á kún bí mo ṣe gbé e kalẹ̀. Àwọn á máa se Indomie ní ẹ̀gbẹ́ kan, olúkúlùkù pẹ̀lú ìkòkò tirẹ̀. Àbúrò yí ìrọ̀rí rẹ̀ sí apá kejì kí orí rẹ̀ má baà wà lókè orí mi.

Wọ́n wá pè mí lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ ìsinmi kan. Mi ò lè sọ pé èèyàn burúkú ni Pásítọ̀ wa. Ọkọ̀ ló ń wà láàárín ọ̀sẹ̀, òun ló gbé mi lọ sí ọsibítù nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Sister, a ò fẹ́ lé ẹ. A fẹ́ gbà ẹ́ sílẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti jẹ́wọ́, a máa gbàdúrà fún un, khalas, ó parí."

Òótọ́ ló sọ. Lójú mi níbẹ̀, arábìnrin kan jẹ́wọ́ pé bisikíìtì ni wọ́n fi mú òun wọ ẹgbẹ́ àjẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n kọrin. Ó kan àbúrò. Òun náà ní òun ti wà nínú ẹgbẹ́ láìmọ̀, láti ọjọ́ tóun ti jẹ ìrẹsì mi. Ó nawọ́ sí mi, kò wo ojú mi. Wọ́n di òun náà mọ́ra. Mo rí bí èjìká rẹ̀ ṣe rọlẹ̀, bí ara ṣe tù ú. Mo jowú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti dì mọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n wa súnmọ́ mi, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Àbúrò mi, ẹnu lásán mà ni. Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí wọ́n gbàdúrà fún ẹ, ká máa lọ sílé, ká jọ jẹun. Wetin e go cost you?"

Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin náà gbà pé mo jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ó ní, "Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Mo kàn ní kó o sọ ọ́ ni, kí gbogbo ẹ̀ lè parí."

Màá jẹ́ kó yé yín, mo fẹ́ sọ ọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni" yẹn ti dé ahọ́n mi. Ó ti rẹ̀ mí, mo fẹ́ kí wọ́n jẹ oúnjẹ mi. Ṣùgbọ́n mo rántí ọmọ mi. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dúró sí Oud Metha, inú fóònù ló ń gbà délé. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á dì mọ́ èmi ńbí, ọmọ mi á sì di ọmọ àjẹ́ ní Abẹ́òkúta títí ayé rẹ̀. Wọ́n á ní òun náà ní in, pé ọmú ló fi mu ún. Kò sí àdúrà tó máa pa ìyẹn rẹ́.

Mo ní, "Mi ò ṣe é. Inú eré ni mo ti ṣe é, ẹ̀yin náà lẹ sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìran kan kù níbẹ̀ tẹ́ ò rí. Ẹ jẹ́ ká ṣe é nísinsìnyí."

Alàgbà kan ní mò ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe há a sórí. Mi ò tíì débi kan tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn. Àwọn ará Íńdíà ti dé. Ọ̀kan nínú wọn yọjú, ó ní, "Sorry, sorry, brother, our time." Pásítọ̀ ní a máa parí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ló sọ fún mi pé àwọn yòókù ní àwọn ò lè bá mi sùn nínú yàrá kan náà. Ó bá mi gbé àpò mi sọ̀kalẹ̀ títí dé ìdí takisí. A jọ ń sunkún níbẹ̀, àwọn tó ń gbafẹ́ létí omi níwájú ilé sì ń wò wá. Kí n tó ti ilẹ̀kùn, ó na nǹkan kan nínú ọ̀rá sí mi. Àwo búlúù yẹn ni. Ó ní wọn ò fẹ́ rí i nínú ilé mọ́. Mo ti ń gbé ní ilé òṣìṣẹ́ ní Al Quoz láti ìgbà náà, pẹ̀lú àwọn obìnrin Filipino àti Nepal tí wọn ò mọ ohun tí àlá mi ń ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Ìfẹ́ ni ẹ̀gbọ́n ní sí mi tó fi pe màmá mi. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Màmá mi gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, èmi ni mo bí ẹ, mo mọ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n èèyàn lè ní in kó má mọ̀. Jọ̀ọ́, fi orí jì mí, sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni." Mo pè é, mo pariwo mọ́ ọn bí mi ò ṣe pariwo mọ́ ọn rí. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá pè, ọmọ ti sùn, ọmọ lọ sí lẹ́sìnnì, iná ò sí, fóònù ti fẹ́ kú. Tí mo bá sì rí i, màmá mi á wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ní ara rẹ̀ á balẹ̀ tó bá yá. Ohun tí mò ń sọ fún ara mi ni pé mi ò sọ "bẹ́ẹ̀ ni", pé ọmọ mi ṣì mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, ọmọ mi gbé fóònù náà fúnra rẹ̀. Màmá mi ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ohun tí màá kọ́kọ́ sọ. Oúnjẹ ni mò ń jẹ lọ́wọ́ nínú àwo búlúù yẹn, ìrẹsì àti dòdò. Mo bu ṣíbí kan, mo nà án sí ojú fóònù bá a ṣe máa ń ṣe. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó fi ọwọ́ bò ó.

Mo ní, "Kí ló dé? O ò fẹ́ jẹ oúnjẹ Mummy mọ́?"

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ní, "Mummy, mo rí yín lójú àlá. Ẹ ti dé láti Dubai. Ẹ wọ gown yín tó ní òdòdó. Ẹ bu oúnjẹ fún mi."

Mo bi í pé ṣé oúnjẹ náà dùn.

Ó ní, "Mi ò jẹ ẹ́. Grandma ní tí mo bá rí yín, kí n má jẹ ẹ́. Ebi ń pa mí gan-an o, Mummy, ẹ sì ń pè mí, ṣùgbọ́n mi ò jẹ ẹ́." Ó mú fóònù súnmọ́ ojú rẹ̀. "Ṣé mo ṣe dáadáa?"

Mo gbé àwo náà sílẹ̀ níbi tí kò ti ní rí i.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. O ṣe dáadáa."