Ìpara Irun Tí Mo Pò fún Àbúrò Mi

Òórùn àdí àgbọn ló máa ń kọ́kọ́ kí oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjà Òkìtìpupa nígbà yẹn, kí wọ́n tó rí èmi gan-an. Inú abọ́ rọ́bà pupa kan ni mo ti máa ń po ìpara irun mi: àdí àgbọn, òrí, omi àlùbọ́sà, àti nǹkan kan tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ni, káàdì méjì, tí mo máa ń lọ̀ kúnná. Onídìrí kan ló kọ́ mi. Àwọn obìnrin tí irun iwájú wọn ti kó ẹrù lọ á fi pa orí, wọ́n á padà wá kí mi pé ó ń hù. Mi ò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń tà, mo sì rò pé ìyẹn náà ni ìmọ̀.

Àbíkẹ́yìn ìyá wa, ọkùnrin tó ń ṣe epo pupa ní Igbotako, fẹ́ gbé ọmọbìnrin kan níyàwó, ará Osooro, tí wọ́n jọ ń wọ aṣọ funfun ní ìjọ Aládùúrà. Gbogbo nǹkan ló ti tò, àfi àárín orí rẹ̀ tó ń pá. Ó wá bá mi. "Àǹtí, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí orí yìí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pè mí ní bàbá ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi." Mo rẹ́rìn-ín títí, mo sì fún un ní ike ńlá kan. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń fi í pa orí, bí ẹni ń kun ògiri.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ṣé o mọ̀ pé ìhòòhò òkè ara làwọn ọkùnrin fi ń wọ kòtò epo, tí wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn? Tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ṣẹ́ẹ̀tì wọ kòtò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ṣàì rí i. "Ìyá ìkókó, ọmọ ń ké nílé o." Á bá wọn rẹ́rìn-ín níbẹ̀, á wá dé ṣọ́ọ̀bù mi, á jókòó sẹ́yìn páálí. Ó ní ó ń dun òun, ó sì le bíi kókó lábẹ́ orí ọmú. Ó sún ìgbéyàwó síwájú.

Ilé ìwòsàn kan ṣiṣẹ́ abẹ fún un, àyà rẹ̀ tẹ́ bí ẹní. Inú mi dùn débi pé mo jó lórí ìdúró. Èmi ọlọ́gbọ́n wá wò ó pé orí rẹ̀ ti gbẹ lórí ibùsùn, ni mo bá gbé ike ìpara tuntun lọ kí i kú ewu.

Kí ọdún tó yí, ọmú tún dé. Àwọn ẹbí ìyàwó ní Osooro ti ń béèrè ohun tó ń dá ọkọ dúró. Àbúrò mi ní òun ò lọ fún abẹ kankan mọ́, wọn ò ní máa gé òun bí iṣu, òun á kúkú tú ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ kó wá ọkọ mìíràn. Ọ̀rọ̀ yìí ló lé mi kúrò nídìí ọjà. Mo há a sáàárín èmi àti ọlọ́kadà, ó di ọ̀dọ̀ dókítà mìíràn, ọmọbìnrin tí n bá bí.

Ó béèrè bóyá àbúrò mi ń mu ògógóró, oògùn ọgbẹ́ inú, tàbí oògùn tó ń mú iṣan le. Kò sí, kò sí. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí èsì dé, ó ṣàlàyé fún wa. "Gbogbo ọkùnrin ló ní díẹ̀ nínú èròjà tó ń mú ọmú obìnrin hù, ti ọkùnrin ló máa ń borí ẹ̀. Tiyín ti yí padà. Abẹ gé ọmú kúrò, kò gé ohun tó ń bọ́ ọ." Ó wá na imú síwájú. "Bọ̀dá, kí lẹ fi pa orí?"

Àbúrò mi gbé orí sókè bí ọba. "Ìpara Àǹtí mi ni. Kò sírú ẹ̀ lọ́jà."

Ọ̀rẹ́ mi, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ níbẹ̀ àfi èmi. Mo lè dákẹ́. Mo wo ṣẹ́ẹ̀tì ńlá tó fi ń bo ara rẹ̀ nínú oòrùn yẹn, mo ní, "Dókítà, oògùn ìfètòsọ́mọbíbí wà nínú ẹ̀."

Àbúrò mi yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀. "Àǹtí, ṣé orí mi lẹ wá ń fètò sọ́mọ bíbí fún?"

Dókítà fi bírò sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín dójú omijé. Ó ní èròjà obìnrin yẹn náà ló wà nínú oògùn ọ̀hún, pé awọ orí ń mu nǹkan, pé ohun tí a kò gbé mì náà lè wọ ẹ̀jẹ̀. Ó ní kó jáwọ́ níbẹ̀. Nítorí pé wíwú náà ṣì tuntun, ó ṣeé ṣe kó lọ, bí kò bá lọ, a ó tún sọ̀rọ̀ abẹ.

Ṣé o mọ bí mo ṣe ń wo àyà ọkùnrin yẹn lóṣooṣù, bí ẹni ń wo obì tó fẹ́ gbẹ? Mo da abọ́ pupa náà nù. Mo pe àwọn oníbàárà mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wọn. Àwọn kan bú mi, ó sì tọ́ sí mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ ra epo ní Igbotako. Àbúrò mi wà nínú kòtò, ọ̀pá lọ́wọ́, epo dé orúnkún, kò sí ṣẹ́ẹ̀tì. Ó rí mi, ó na àyà tó ti tẹ́ síta. Mo pariwo débi pé wọ́n rò pé ejò ni.

Ó gbé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ níyàwó. Orí rẹ̀ pá, ó ń dán, ìyàwó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún níwájú gbogbo ìjọ, wọ́n pè é ní bàbá ìyàwó lóòótọ́. Èmi ṣì ń ta ìpara. Àmọ́ tí o bá bi mí pé kí ló wà nínú rẹ̀, jókòó. Mo máa kà á fún ọ látòkè délẹ̀ kí n tó ṣí ìdérí.