Máńgórò tó gba ibi tí mò ń páàkì sí

Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní yunifásítì ti fi ohun tí mo kọ́ wọn mú mi lónìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú ọjọ́ tó ń yí padà la kọ́. Mo ní kí wọ́n gbin igi kan síbi tí oòrùn ti ń pani jù nínú ọgbà wa.

Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe wakọ̀ dé láti Bódìjà, igi máńgórò kékeré kan ni mo bá níbi tí mo máa ń páàkì sí.

Mo pe olórí kíláàsì. "Ta ló ní kẹ́ ẹ gbìn ín síbí?"

"Ẹ̀yin náà ni, mà. Ojoojúmọ́ lẹ ń sọ pé oòrùn ibẹ̀ fẹ́ẹ̀ sè yín jinná nínú mọ́tò."

Mo ní kí wọ́n hú u.

"Háà, mà. A ti gbàdúrà sí i. A ní bó bá ṣe ń dàgbà ni kí ẹ̀mí yín máa gùn."

Mo lọ páàkì sẹ́nu géètì, mo fẹsẹ̀ rìn padà nínú oòrùn, mo sì bomi rin ín.

Ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀. Kí lẹ máa ń ṣe tí máńgórò kì í fi í gbẹ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dáhùn.