Ó Ku Èmi

Àwọn kan ní Sokodé nílẹ̀ Tógò ṣì ń sọ pé olórí kunkun ni Sèínábù ọmọ Kàsúmù, pé orí kunkun rẹ̀ ló lé e kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Mo wà níbẹ̀. Èmi Sàrátù ni mo ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì náà, ará Kambolé kan náà sì ni wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú wá máa bínú.

Iṣu àti àgbàdo ni bàbá Sèínábù ń gbìn. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí àwọn olóko bá pé jọ ní Kambolé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ẹni tó ń darí ìpàdé kì í tú wọn ká láìbéèrè pé, "Ó ku ta ni?" Bí ẹnikẹ́ni bá dáhùn pé, "Ó ku èmi," ẹnì kan ò gbọdọ̀ dìde títí wọn yóò fi gbọ́ tirẹ̀, tí wọn yóò sì fún un lésì. Lọ́dún kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé èbù iṣu tuntun wá, wọ́n ní kí gbogbo ilé kó èbù àtijọ́ dànù. Gbogbo ènìyàn ti gbà. Kàsúmù bàbá Sèínábù ní ó ku òun. Ó ní kí èbù tuntun kọ́kọ́ rí ẹ̀ẹ̀rùn kan ná kí a tó da ti àtijọ́ nù. Wọn ò ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó, wọ́n sọ ìdí tí wọn ò fi ní ṣe é fún un, ó sì lọ sílé láìbínú. Ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ni Sèínábù jókòó sí lọ́jọ́ náà.

Ìwé kíkà gbé e dé Tchamba, ó gbé e dé Sokodé, ó gbé e dé Lomé, olú ìlú wa, níbi tó ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tó padà, ọ́fíìsì wa tó ń bójú tó òwú àwọn àgbẹ̀ gbà á síṣẹ́. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la ní, ó tóbi tó àpótí aṣọ ìyàwó, yàrá rẹ̀ nìkan ló sì ní ẹ̀rọ amúlétutù. Faransé kan tó ti padà sílùú rẹ̀ ló kọ gbogbo iṣẹ́ tó ń ṣe sínú rẹ̀ ní Kóbọ́ọ̀lù, ọ̀kan nínú àwọn èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Bí ará Bago tàbí ará Koussountou bá kó òwú wá, ẹ̀rọ náà ló ń sọ ẹni tó ni ín, bó ṣe wúwo tó, àti irúgbìn tó tọ́ sí i lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ẹ̀rọ náà tó dé, ohun tó bá wu akọ̀wé ló ń kọ.

Ní nǹkan bí ọdún 1988, ìwé kan ti Lomé wá. Kóbọ́ọ̀lù ní òfin kan tí gbogbo ayé fi ń lò ó, kí ohun tí a bá kọ ní Sokodé lè yé ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó. Àwọn tó ń tọ́jú òfin náà ló ń bi orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan léèrè pé, ọ̀nà wo ni kí èdè yìí gbà lọ́jọ́ iwájú? Wọ́n dábàá pé kí wọ́n yọ àwọn àṣẹ àtijọ́ kan kúrò nínú rẹ̀ kó lè mọ́ tónítóní. Àyè wà nísàlẹ̀ fún bẹ́ẹ̀ ni, àyè wà fún rárá, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá kọ rárá, kó sọ ìdí rẹ̀.

Sèínábù kà á, ojú rẹ̀ yí padà. Àwọn àṣẹ tí wọ́n fẹ́ yọ yìí ni Faransé yẹn fi kọ iṣẹ́ wa láti òkè délẹ̀. Bí wọ́n bá yọ wọ́n, lọ́jọ́ tí a bá ra ẹ̀rọ tuntun, kò ní gbọ́ ohun tí a kọ mọ́, a ò sì ní ẹni tí yóò tún gbogbo rẹ̀ kọ. Àwọn ará Bago yóò tún bọ́ sọ́wọ́ akọ̀wé.

Ẹ rántí ìgbà náà. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ló wà nílùú, ọkùnrin kan ló sì ni ẹgbẹ́. A ń jó fún un, a ń kọrin fún un, a ń pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ wa fi le. Ìwé tó bá ti òkè wá, a ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni kí a tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá wa ka ìwé yìí nípàdé tán, ó ní, "Sokodé gbà. Ẹ jẹ́ ká pàtẹ́wọ́." A pàtẹ́wọ́.

Sèínábù ò pa tirẹ̀. "Il reste moi," ló wí. "Ó ku èmi" ti Kambolé ló kó sínú Faransé bẹ́ẹ̀, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín.

"Madame, ìpàdé ti parí," ni ọ̀gá wí. Ó dìde, gbogbo wa bá a dìde. Sèínábù jókòó. Mo kó àga jọ yí i ká, ó jókòó. Nígbà tí wọ́n pe ìrun àsárì ní àdúgbò Kouloundè, ó jáde lọ kírun, ó padà wá, ó sì tún jókòó sórí àga kan náà.

Ọ̀gá bá wọlé. Ó rí mi nídìí àga, kò kà mí sí.

"Sèínábù, ṣé o fẹ́ pa mí ni? Orúkọ orílẹ̀-èdè ló wà lókè ìwé yìí. O fẹ́ kí ẹnì kan ní Lomé rí i pé Sokodé kọ rárá sábẹ́ rẹ̀?"

"Monsieur, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni."

"Rárá ni rárá. Wọn kì í béèrè pé lórí kí ni."

"Àwọn tó bi wá léèrè ló fi àyè rárá síbẹ̀."

"Àwọn yẹn ò gbé níbí."

"Èmi ń gbé níbí. Àwọn ará Bago ń gbé níbí. Ẹnu la fi í kọ mi ò jẹ, Monsieur. Ẹnu mi ò tíì dí."

Ẹ̀rù ń ba ọkùnrin náà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wọ àtìmọ́lé rí lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Síbẹ̀ ẹ̀rù rẹ̀ bí mi nínú, nítorí àwa tó kù la máa ń jìyà rẹ̀. Ó ti ìwé náà sí Sèínábù. "Orúkọ ara rẹ ni kí o fi sí i. Èmi ò mọ̀ nípa rẹ̀."

Sèínábù sọ ìdí rẹ̀, mo ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fẹ́ fọwọ́ sí i, ó kọ orúkọ rẹ̀, ó sì kọ Kambolé sí i nídìí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé Sokodé kọ́ ló yẹ kí ẹ kọ?" mo bi í.

"Sokodé ti pàtẹ́wọ́."

Ìwé náà lọ sí Lomé. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, wọ́n ti gbé Sèínábù lọ sí Tchamba, sí ilé kan tí wọ́n ń kó òwú sí, tí kò ní ju ìwọ̀n àti àpò lọ. Àwọn ènìyàn ní ó fara dà á. Inú bí i, ẹ jọ̀ọ́. Mo lọ kí i, ó ń gbé àpò sórí ìwọ̀n bí ẹni tó ń bá a jà.

Nígbà ọyẹ́, àpòòwé kan tó nípọn dé sí ọ́fíìsì wa láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú òfin Kóbọ́ọ̀lù, orúkọ Sèínábù ló wà lára rẹ̀. Ọ̀gá ní kí n gbé e sínú àpótí. Mo gbé e sínú àpò mi, mo wọkọ̀ lọ sí Tchamba.

Ó jókòó sórí òwú, ó tú u. Gbogbo ẹni tó kọ rárá, láti orílẹ̀-èdè yòówù, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì kọ èsì sábẹ́ rẹ̀. Tirẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú Kambolé nídìí. Wọ́n ní àwọn yóò yọ àwọn àṣẹ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú òfin tó ń bọ̀ yìí. Wọ́n tò ó lẹ́sẹẹsẹ, ìdí tí wọ́n fi gbà á àti ìdí tí wọn ò fi gbà á tán.

"Wọn ò gba gbogbo rẹ̀," mo wí.

"Wọ́n dá mi lóhùn, Sàrátù." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Láti ìgbà tí mo ti kúrò lẹ́yìn bàbá mi, ta ló tún dá mi lóhùn?"

Ó tún un kà, ó sì dúró lójú kan.

"Ìdí tí wọ́n sọ níbí yìí ò tẹ́ mi lọ́rùn. Fún mi ní bíìkì tí o fi ń kọ̀wé."

Bàbá àgbẹ̀ kan láti Koussountou ti ń dúró nídìí ìwọ̀n pẹ̀lú òwú rẹ̀. Ó bi í pé ṣé kò ní wọn òwú òun ni.

"Ẹ jókòó, bàbá. Ọ̀rọ̀ òwú yín ni mo ń kọ." Ó tẹ́ ìwé sórí ìwọ̀n, kò wojú mi mọ́. "Bí o bá dé Sokodé, sọ fún Monsieur pé ìpàdé ò tíì tú. Ó ṣì ku èmi."